Orúkọ Ta Ni Ó Wà Lórí Owó Yín? Ìdáhùn sí Ìbéèrè Àwọn Òǹkàwé

Láti ìgbà tí CBEX, ètò ìdókòwò orí fóònù, ti dojú dé ní oṣù kẹrin ọdún 2025, lẹ́tà tó ń béèrè nípa ilé-iṣẹ́ ìdókòwò kò yé wọlé sí wa láti Ìlọrin, láti Ọ̀ffà àti láti ilẹ̀ Ìgbómìnà. A ti yan díẹ̀ lára wọn, a sì ti yọ orúkọ àwọn tó kọ wọ́n àti ti àwọn ilé-iṣẹ́ tí wọ́n mẹ́nu bà kúrò.

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí. Owó gírátúítì mi pẹ́ púpọ̀ kí ó tó tẹ̀ mí lọ́wọ́, n kò sì fẹ́ kí ó rá mọ́ mi lọ́wọ́. Àna mi kan mú mi lọ sí ilé-iṣẹ́ ìdókòwò kan ní Tankẹ̀, wọ́n sì ní àwọn yóò máa san ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó tí mo bá kó wá fún mi lóṣooṣù. Mo rí ìwé CAC wọn nínú férémù lára ògiri. Àna mi ti gba èrè oṣù mẹ́rin, kò sì yẹ̀ lẹ́ẹ̀kan rí. Ṣé kí n fi mílíọ̀nù méjì síbẹ̀? — *Bàbá Olùkọ́, Ọ̀ffà*

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìsinmi, Bàbá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì fi kọ́bọ̀ síbẹ̀. CAC ni àjọ tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀; ìwé rẹ̀ tí ẹ rí lára ògiri yẹn kò sọ ju pé ìjọba mọ̀ pé ilé-iṣẹ́ kan wà tó ń jẹ́ orúkọ báyìí. Ẹni tó fẹ́ dá ilé ìránṣọ sílẹ̀ lè gba irú rẹ̀, kò sì sí ibì kankan nínú rẹ̀ tí a ti fún ẹnikẹ́ni láṣẹ pé kí ó máa gba owó ará ìlú fi dókòwò. Àjọ tó ń fúnni ní àṣẹ yẹn ni SEC, tó ń ṣàkóso ọjà ìdókòwò ní Nàìjíríà. Àwọn tó wà nídìí CBEX lọ́dọ̀ wa níbí ní ìwé CAC, wọ́n sì tún ní ìwé SCUML, èyí tí ẹ̀ka kan lábẹ́ EFCC máa ń fún àwọn oníṣòwò nítorí òfin tó lòdì sí fífi owó àìtọ́ pamọ́. Ti SEC nìkan ni wọn kò ní, òun gan-an ni ó sì yẹ kí wọ́n ní kí wọ́n tó gba owó ẹnikẹ́ni.

Ẹ lè yẹ̀ ẹ́ wò lórí sec.gov.ng, tàbí kí ẹ ní kí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ bá yín wò ó lórí fóònù. Kí ẹ fi orúkọ náà wé èyí tó wà níbẹ̀ ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, nítorí àwọn oníjìbìtì mọ bí a ṣe ń jẹ́ orúkọ tó fara jọ ti ilé-iṣẹ́ ńlá. Kí ẹ sì wo irú iṣẹ́ tí àṣẹ náà wà fún, torí pé ẹni tí a fún láṣẹ láti máa gbani nímọ̀ràn lórí ìdókòwò kò ní àṣẹ láti máa gba owó ènìyàn sọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wá ṣe ìṣirò. Ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù méjì jẹ́ ₦200,000. Bí wọ́n bá ń san án lóṣooṣù, oṣù kẹwàá ni gbogbo ohun tí ẹ ti gbà yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ pé mílíọ̀nù méjì tí ẹ kó fún wọn. Fún odindi oṣù mẹ́wàá, nígbà náà, wọ́n lè máa gé lára owó yín fún yín, kí ẹ sì máa pè é ní èrè, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ra ohunkóhun tàbí ta ohunkóhun. Ìdí nìyí tí èrè oṣù mẹ́rin tí àna yín gbà kò fi jẹ́rìí sí nǹkan kan. Kò parọ́ fún yín, owó wọlé fún un lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá owó ara rẹ̀ ni ó ṣì rí gbà padà, ìyókù wà lọ́wọ́ wọn.

Ọgbọ́n yìí ti pẹ́. Charles Ponzi ni ó sọ ọ́ di ohun tí gbogbo ayé mọ̀ ní ìlú Boston ní ọdún 1920, nígbà tí ó ṣèlérí ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún láàárín ọjọ́ 45, tó sì ń fi owó ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé san èrè fún ẹni tó ti wà níbẹ̀. Ètò MMM wọ Nàìjíríà ní ìparí ọdún 2015 pẹ̀lú ìlérí ìdá ọgbọ̀n lóṣù, ó sì ti àkáùntì mọ́ gbogbo ènìyàn lórí ní oṣù kejìlá ọdún 2016, nígbà tí Kérésìmesì ku díẹ̀. Bí ẹnìkan bá fi ₦100,000 sílẹ̀ kí ó máa gun orí ara rẹ̀ ní ìdá ọgbọ̀n lóṣù, yóò lé ní ₦2,329,000 nígbà tí ọdún bá yí po. CBEX ní tirẹ̀ ní owó yóò di ìlọ́po méjì láàárín ọgbọ̀n ọjọ́; bí ọ̀rọ̀ náà bá jẹ́ òótọ́, ₦100,000 kan ṣoṣo yóò lé ní mílíọ̀nù 409 láàárín ọdún kan. Mo bẹ̀ yín, ẹ rìn láti ìbẹ̀rẹ̀ ọjà Owódé dé òpin rẹ̀, kí ẹ wo ẹni tó ń ṣe òwò bẹ́ẹ̀ níbẹ̀.

Ohun kan tún wà tí n kò rí kí ẹnikẹ́ni tó ń polówó irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ dáhùn rí. Ìdá mẹ́wàá lóṣù jẹ́ ìdá ọgọ́fà lọ́dún. Oníṣòwò tó ní ojúlówó òwò lè yá owó ní báńkì ní nǹkan bí ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, ìyẹn gan-an sì ti wọ́n lójú wa. Kí ló dé tí ọlọ́gbọ́n ènìyàn yóò fi báńkì sílẹ̀, tí yóò wá máa san ìlọ́po mẹ́rin fún olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì? Ẹni tí báńkì kò lè yá lówó, tàbí ẹni tí kò ní lọ́kàn láti dá a padà, ni ó lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní ti àna yín, ẹ má bá a jà. Ẹ kàn bi í tìfẹ́tìfẹ́ bóyá wọ́n ń fún un ní nǹkan lórí ẹni tó bá mú wá. Ọ̀nà tí irú owó bẹ́ẹ̀ ń gbà wọlé ni ẹni tí a fọkàn tán: àna, ọ̀rẹ́, ọmọ ìjọ, ẹni tí a jọ wà nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Òfin ìdókòwò tuntun tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní oṣù kẹta ọdún 2025 ti sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ tó ní owó ìtanràn tí kò dín ní ₦20,000,000, tàbí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá, tàbí méjèèjì, fún ẹni tó bá gbé irú ètò bẹ́ẹ̀ kalẹ̀. Ó dùn mọ́ mi nínú pé òfin náà wà, ṣùgbọ́n ẹ̀wọ̀n tí wọ́n bá fi ẹlòmíràn sí kò dá gírátúítì ẹnikẹ́ni padà.

Bí ó bá jẹ́ pé ohun tí ẹ fẹ́ ni ibi tí ojú owó yín kò ti ní dín, bọ́ǹdì ìfowópamọ́ ìjọba àpapọ̀ wà, ìyẹn owó tí a yá ìjọba, èyí tí DMO, ọ́fíìsì tó ń bójú tó gbèsè ìjọba, ń tà láti ọdún 2017. ₦5,000 ni ó kéré jù tí a lè fi bẹ̀rẹ̀, ọdún méjì tàbí mẹ́ta ni, èlé rẹ̀ sì ń wọ àkáùntì yín ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Kò ní sọ yín di olówó. Ìjọba àpapọ̀ ni ó sì dúró fún un.

ÌBÉÈRÈ: Aṣọ òkè ni mò ń tà ní Ọjà Ọba. Òṣìṣẹ́ kan ní báńkì mi gbà mí nímọ̀ràn pé kí n yọ lára owó tó wà ní àkáùntì mi, kí n fi sí mutual fund, pé ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe é ní àṣẹ SEC. Mo ti wò ó, òótọ́ ni. Bí ilé-iṣẹ́ náà bá wá kógbá wọlé ńkọ́? Ṣé NDIC yóò san owó mi bí wọ́n ṣe san ti àwọn tó ní owó ní Heritage Bank? — *Ìyá Aláṣọ, Ìlọrin*

ÌDÁHÙN: Rárá, Ìyá wa, NDIC kò ní san án. Inú mi dùn pé ẹ béèrè kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé, nítorí inú gbọ̀ngàn báńkì kan náà ni a ti ń ta ọjà méjèèjì, lórí tábìlì kan náà nígbà mìíràn, orúkọ wọn sì máa ń jọra, tó fi jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé báńkì ni owó wọn ṣì wà.

Owó tí a fi pamọ́ sí báńkì ni NDIC dúró fún. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2024, wọ́n gbé iye tí wọ́n lè san fún oníbàárà kan sókè: láti ₦500,000 sí ₦5,000,000 fún àwọn báńkì ńlá, àti láti ₦200,000 sí ₦2,000,000 fún àwọn microfinance. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà, ni CBN gba ìwé àṣẹ Heritage Bank. NDIC fi BVN wá àkáùntì tí àwọn oníbàárà ní ní báńkì mìíràn, ó sì san owó sínú rẹ̀ títí dé iye tí òfin sọ. Ẹni tí owó rẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ ní láti dúró de ìgbà tí wọ́n bá ta dúkìá báńkì náà. Bí ó ti dára tó nìyẹn, kò kan mutual fund, kò kan ìpín ìdókòwò, kò sì kan owó tí a fi sí ọwọ́ àwọn finance company, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé CBN ni ó fún àwọn wọ̀nyẹn láṣẹ.

Èyí kò túmọ̀ sí pé ìhòòhò ni owó yín yóò wà. Ẹ̀rù méjì ni ó wà nínú ìdókòwò tó ní àṣẹ, kò sì yẹ kí a pa wọ́n pọ̀. Ọ̀kan ni pé kí ọjà fà sẹ́yìn. Ní oṣù kẹta ọdún 2008, òṣùwọ̀n ọjà ìpín ìdókòwò wa ga ju 66,000 lọ. Kí ọdún kan tó pé, ó ti wálẹ̀ ju ìdajì lọ. Ọ̀pọ̀ tó yá owó ra ìpín nígbà náà pàdánù rẹ̀, kò sì sí àjọ kankan tó dá a padà fún wọn, nítorí pé ẹnikẹ́ni kò jí i. Ewu òwò nìyẹn, ẹ̀yin tí ẹ ti ra òwú nígbà tó wọ́n, tí ẹ sì ta aṣọ nígbà tí ọjà kú, mọ̀ ọ́n jù mí lọ.

Ẹ̀rù kejì ni pé kí ẹni tí ẹ gbé owó lé lọ́wọ́ jí i, tàbí kí gbèsè rẹ̀ gbé e lọ. Èyí ni òfin gbìyànjú láti dènà, ọ̀nà tó sì gbà ń dènà rẹ̀ ni pé kò jẹ́ kí owó wà lọ́wọ́ ẹni tó ń fi í ṣòwò. Bí ẹ bá gbé òwú fún ahunṣọ láìkọ orúkọ sí i, tí ahunṣọ náà sì jẹ gbèsè, ẹni tó jẹ ní gbèsè yóò kó òwú yín mọ́ tirẹ̀. Nínú mutual fund, níbi tí a ti ń kó owó ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ fi dókòwò, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣàkóso rẹ̀ ni ó ń pinnu ohun tí a ó rà àti ohun tí a ó tà, ṣùgbọ́n báńkì mìíràn tí òfin ń pè ní custodian ni owó náà àti ìwé ohun tí a fi rà wà lọ́dọ̀ rẹ̀, lórúkọ fund náà, kì í ṣe lórúkọ ilé-iṣẹ́. Ẹlòmíràn tún wà, trustee, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa ṣọ́ gbogbo wọn nítorí ẹ̀yin tí ẹ ni owó. Bí ilé-iṣẹ́ náà bá kógbá wọlé, a lè gbé fund náà fún ẹlòmíràn, kí ẹni tó jẹ ní gbèsè má sì rí i fọwọ́ kàn.

Ẹ ní kí òṣìṣẹ́ náà fi ìwé fund hàn yín, kí ẹ wá orúkọ custodian àti ti trustee níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, nígbà tí ẹ bá tẹ nọ́ńbà àkáùntì sínú fóònù láti san owó, ẹ dúró wo orúkọ tó bá jáde kí ẹ tó tẹ nọ́ńbà àṣírí yín. Orúkọ fund náà ni ó yẹ kí ẹ rí. Bí ó bá jẹ́ orúkọ òṣìṣẹ́ tó wá bá yín ní ìsọ̀, tàbí ti ọ̀gá rẹ̀, tàbí ti ilé-iṣẹ́ mìíràn tí ẹnikẹ́ni kò bá yín sọ, ẹ pa á tì, ohun yòówù kí wọ́n sọ nípa nẹ́tíwọ̀kì tí kò dára.

Mo tẹnu mọ́ èyí nítorí pé àṣẹ nìkan kò tó. Bernard Madoff ní New York jẹ́ ẹni tí ìjọba Amẹ́ríkà mọ̀, orúkọ ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà nínú ìwé àwọn tó ní àṣẹ. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni owó àwọn oníbàárà wà, òun kan náà ni ó sì ń tẹ ìwé tó fi ń sọ iye tí owó wọn ti di fún wọn. Nígbà tí wọ́n mú un ní oṣù kejìlá ọdún 2008, iye tó wà lórí ìwé jẹ́ nǹkan bí bílíọ̀nù 65 dọ́là, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kò sì sí níbikíbi. Olóye ènìyàn, ilé àánú àti báńkì ńláńlá wà lára àwọn tó gbà á gbọ́.

Bí ẹ bá tún ń ra ìpín ìdókòwò lọ́wọ́ alágbàtà, ìlànà kan náà ni. Inú CSCS, ilé-iṣẹ́ tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ìpín àwọn ènìyàn, ni ìpín yín ń wà, lórúkọ yín, pẹ̀lú nọ́ńbà tiyín. Bí alágbàtà bá kú tàbí tí ó pa ìsọ̀ dé, ìpín yín ṣì wà níbẹ̀, ẹ sì lè gbé e lọ sọ́dọ̀ alágbàtà mìíràn. Ẹ rí i dájú pé nọ́ńbà fóònù yín ni ó wà lọ́dọ̀ CSCS, kì í ṣe ti alágbàtà, kí àlàyé lè máa wọlé fún yín bí ẹnikẹ́ni bá ta nínú rẹ̀. Owó lásán tí ẹ fi sílẹ̀ lọ́wọ́ alágbàtà láìtíì fi ra nǹkan ni ó wà nínú ewu jù, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ó pẹ́ níbẹ̀. Ọjà ìpín, NGX, ní àpò kan tó ń ran ẹni tí alágbàtà bá lu ní jìbìtì lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ó ní ìwọ̀n, kò sì kan òfò tí ọjà fúnra rẹ̀ bá fà.

ÌBÉÈRÈ: Àsàlámù àlékúmù. Àwọn kan wá sí mọ́sálásí wa nípa ìdókòwò halal, pé múdárábà ni, kò sí ribà nínú rẹ̀, àti pé ìdá mẹ́jọ lóṣù kò ní yẹ̀ láéláé. Ṣé a lè fọkàn tán an? — *Òkèlele, Ìlọrin*

ÌDÁHÙN: Wà àlékúmù sàlámù. Ohun tí wọ́n sọ ń ta ko ara rẹ̀. Nínú múdárábà, ẹ̀yin ni onówó, àwọn ni òṣìṣẹ́. Èrè ni ẹ ó jọ pín ní ìdá tí ẹ bá fẹnu kò lé lórí, bí òwò bá sì fà sẹ́yìn láìjẹ́ ẹ̀bi òṣìṣẹ́, onówó ni ó ni òfò. Ẹni tó bá fi iye kan pàtó lórí ojú owó dá yín lójú lóṣooṣù, yálà ọjà yá tàbí kò yá, ti jáde kúrò nínú múdárábà. Ẹ bi àfáà yín tó mọ ìmọ̀ òwò nínú ẹ̀sìn, kí ẹ sì béèrè àṣẹ SEC bí a ti ṣàlàyé lókè, nítorí pé orúkọ halal kò yọ ẹnikẹ́ni kúrò lábẹ́ òfin.

Ohun tó mọ́ wà fún ẹni tó ń sá fún ribà. Ìjọba àpapọ̀ ti ń ta Sukuk, irú bọ́ǹdì tí kò ní ribà, láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2017. ₦10,000 ni ó kéré jù láti fi wọ̀ ọ́, iṣẹ́ ọ̀nà ni wọ́n sì ń fi owó rẹ̀ ṣe. Ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, tí gbogbo wa láti Ìlọrin ń gbà lọ sí Ìbàdàn, wà lára iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n ya owó náà sí. Owó tó bá sì wà ní báńkì tí kì í gba èlé wà lábẹ́ ìdáàbòbò NDIC bíi ti báńkì yòókù.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí. Mo fi owó tí mo fẹ́ fi ra máṣíìnì ìránṣọ sí orí ètò kan lórí fóònù. Dọ́là mi ń pọ̀ sí i lójú mi lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti fẹ́ gbà á ni wọ́n ti ní kí n kọ́kọ́ san owó àyẹ̀wò kí wọ́n tó lè tú u sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi tó yá mi lára owó náà kò tíì mọ̀, ojú sì ń tì mí. — *Aránṣọ, Òmù-Àrán*

ÌDÁHÙN: Arábìnrin wa, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ má san owó àyẹ̀wò náà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni CBEX ṣe nígbà tí ó fẹ́ kú: wọ́n ní kí ẹni tí owó rẹ̀ kò tó 1,000 dọ́là san 100, kí ẹni tí tirẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ san 200, kí wọ́n tó lè gba owó wọn. Àwọn tó san án pàdánù ìyẹn náà. Ilé-iṣẹ́ tó ní owó yín lọ́wọ́ lóòótọ́ lè yọ owó iṣẹ́ rẹ̀ lára èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò ní ìdí láti tún gba òmíràn.

Dọ́là tí ẹ ń rí tó ń pọ̀ sí i yẹn, nọ́ńbà lásán ni. Naira tí ẹ fi ránṣẹ́ ni ó jẹ́ owó, òun ni ẹ ó sì lépa. Lónìí, ẹ ya àwòrán gbogbo ohun tó wà lójú fóònù kí wọ́n tó pa á rẹ́: orúkọ àkáùntì tí ẹ sanwó sí, ọjọ́, iye, ọ̀rọ̀ tí ẹ bá wọn sọ lórí WhatsApp, nọ́ńbà ẹni tó mú yín wọlé. Ẹ gba ìwé àkáùntì yín ní báńkì, kí ẹ sì fi lẹ́tà sọ fún báńkì náà pé jìbìtì ni, nítorí pé bí kò bá tíì pẹ́ tí ẹ fi owó náà ránṣẹ́, wọ́n lè bá báńkì kejì sọ̀rọ̀ kí wọ́n dá a dúró. Ẹ kọ̀wé sí SEC. Ẹ sì gbé ẹjọ́ lọ sí ọ́fíìsì EFCC ní Ìlọrin. Ẹ kò nílò láti san owó fún ẹnikẹ́ni kí wọ́n tó gba ìwé yín.

Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ẹnìkan lè pè yín pé òun lè bá yín gba owó náà padà, pé kí ẹ san díẹ̀ síwájú. Ẹ má dá a lóhùn. Àwọn kan náà ni, tàbí àwọn tó ra nọ́ńbà yín lọ́wọ́ wọn.

Ní ti ẹ̀gbọ́n yín, ẹ lọ sọ fún un lónìí. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, ìtìjú yìí gan-an sì ni àwọn oníjìbìtì gbójú lé. Ó lè bínú, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ láti bínú, ṣùgbọ́n òun náà ní ẹ̀rí pé ó fi owó náà ránṣẹ́ sí yín, EFCC yóò sì nílò rẹ̀ láti fi mọ ibi tí owó ti wá. Ẹ jọ lọ sí Ìlọrin. Ẹ tẹ ìwé ẹ̀sùn náà ní ẹ̀dà méjì, kí ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀ fún wọn, kí ẹ sì rí i pé wọ́n lu òǹtẹ̀ àti ọjọ́ sí èkejì kí ẹ tó mú un wálé.